Gìtá Tí Ohùn Rẹ̀ Kì Í Dúró: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé Wa ní Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ gìtá oníná ni a fẹ́ yanjú lórí abala yìí lóṣù yìí, nítorí pé àwọn lẹ́tà tó wá láti Ìkòròdú àti àwọn ìlú tó yí i ká fẹnu kò sórí ìṣòro kan náà: gìtá tí bíríìjì rẹ̀ (irin ara gìtá tí ìdí okùn so mọ́) ń léfòó, tí ohùn rẹ̀ kì í sì dúró sójú kan. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n n kò yí ohun tí wọ́n béèrè padà.

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa, mo kí yín kú iṣẹ́. Mo ń ta gìtá ní ìjọ wa ní Ìgbógbó. Gìtá tòkunbọ̀ kan ni mo rà, èyí tí irin mẹ́ta wà lórí nọ́ọ̀tì rẹ̀ (ègé tóóró tí okùn gbà kọjá láàárín ọrùn àti orí gìtá) tí a fi ń ti okùn pa, tí bíríìjì rẹ̀ kò sì jókòó lé igi rárá. Okùn 9 (nọ́ńbà yìí ni ìnípọn okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ní ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì) ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo rà á, mo sì pààrọ̀ rẹ̀ sí okùn 10 kí ohùn rẹ̀ lè kún sí i. Láti ìgbà náà ni ìdí bíríìjì ti gbé sókè, tí okùn sì ti jìnnà sí ojú ọrùn gìtá jù. Tí mo bá tún ohùn okùn kẹfà ṣe, àwọn márùn-ún yòókù á ti yí padà; tí mo bá padà sórí wọn, okùn kẹfà náà á tún ti lọ. Tí mo bá sì fi ọ̀pá ara bíríìjì mi ohùn nígbà ìyìn, kí orin tó parí, gbogbo rẹ̀ á ti dàrú. Ẹnì kan ní kí n pààrọ̀ èèkàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní orí gìtá náà, tí a fi ń fa okùn le. Irú èwo ni kí n rà?

*Atagìtá, Ìgbógbó*

ÌDÁHÙN

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra èèkàn kankan. Lórí irú gìtá tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, bí ẹ bá ti fi Allen key (kọ́kọ́rọ́ irin onígun mẹ́fà) ti irin mẹ́ta orí nọ́ọ̀tì pa, apá okùn tó wà láàárín nọ́ọ̀tì àti èèkàn kò ní ipa kankan mọ́ lórí ohùn tí a ń gbọ́. Ẹ lè dán an wò fúnra yín: ẹ ti nọ́ọ̀tì pa, kí ẹ wá dẹ èèkàn kan díẹ̀. Bí ìtìpa náà bá mú okùn dáadáa, ohùn okùn náà kò ní yí padà. Ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ yí, tí ohùn kò sì yí pẹ̀lú rẹ̀, kò lè jẹ́ òun ló ń da ohùn rú láàárín orin.

Ó dára kí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ Fender gbé Stratocaster jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, bíríìjì tó lè mi, tí sípíríǹgì ń dá padà láti ẹ̀yìn gìtá, wà lórí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ gidigidi, okùn a máa há sójú nọ́ọ̀tì, a sì tún máa yọ̀ lára èèkàn, kò sì ní padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Atagìtá kan tó ń jẹ́ Floyd Rose, tó mọ iṣẹ́ irin dáadáa, ló wá ojútùú sí i: ó ti okùn pa ní orí nọ́ọ̀tì, ó sì tún tì í pa ní orí bíríìjì, kí ó má baà sí ibi tí okùn ti lè yọ̀. Ọdún 1979 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà. Nígbà tó sì jẹ́ pé èèkàn kò wúlò mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti nọ́ọ̀tì pa, wọ́n fi síkúrúù kéékèèké mẹ́fà kún orí bíríìjì lẹ́yìn náà, èyí tí a ń fi ìka yí láti tún ohùn ṣe díẹ̀díẹ̀. Irú bíríìjì yìí, tàbí ọ̀kan tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe ní àwòkọ rẹ̀, ló wà lọ́wọ́ yín.

Ibi tí ìṣòro yín ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ okùn. Bíríìjì tó ń léfòó kò sinmi lé igi gìtá. Etí iwájú rẹ̀, tí wọ́n pọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ló fi ń ti òpó irin kúkúrú méjì tí wọ́n rì mọ́ igi. Níwájú, okùn mẹ́fà ń fà á síhà ọrùn gìtá. Lẹ́yìn, nínú ihò tí a fi ìdérí rọ́bà bò, sípíríǹgì mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ń fa kùkùté irin tó wà lábẹ́ bíríìjì náà kí ó lè dá a padà. Ó dà bí ìgbà tí ẹgbẹ́ méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa ìjàrá mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí àmì àárín rẹ̀ kò kúrò lójú kan: bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi agbára kún agbára ní ìhà kan, gbogbo àwọn yòókù ni yóò ṣí kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. Ìdí nìyẹn tí okùn kan tí ẹ fà le fi ń mú kí ohùn àwọn márùn-ún yòókù lọ sílẹ̀.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó. Lórí gìtá tí gígùn okùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 25.5, okùn 9 sí 42 (láti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù dé èyí tó nípọn jù) tí a tò sí ohùn tí gbogbo ayé ń lò ń fi nǹkan bí agbára kìlógíráàmù 38 fa bíríìjì. Okùn 10 sí 46, ní ohùn kan náà, ń fi nǹkan bí 47 fà á. Ẹ ti fi kìlógíráàmù bíi mẹ́sàn-án kún ìhà okùn, ẹ kò sì fi ohunkóhun kún ìhà sípíríǹgì. Kò sí ohun mìíràn tí bíríìjì náà lè ṣe ju kí ó tẹ̀ síwájú, kí ìdí rẹ̀ gbé sókè, kí ó sì gbé okùn kúrò lójú ọrùn. Gìtá yín kò bàjẹ́. Ẹ kàn ní láti mú ìhà méjèèjì dọ́gba ni.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti ṣe é nìyí, nítorí pé ó ń gba atagìtá lọ́wọ́ lílọ-bíbọ̀ tí ẹ ṣàpèjúwe. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn gìtá. Ẹ ó rí kùkùté irin tí sípíríǹgì kọ́, ẹ ó sì rí irin ìkọ́ tí òdìkejì sípíríǹgì dì mọ́, tí síkúrúù gígùn méjì so mọ́ igi ní ìhà ọrùn. Ẹ tú ìtìpa nọ́ọ̀tì. Ẹ wá ègé igi pẹlẹbẹ kan, kí gbẹ́nàgbẹ́nà bá yín fá a bó bá nípọn jù, kí ẹ fi sáàárín kùkùté irin náà àti ògiri ihò tó wà ní ìhà ìdí gìtá. Ó gbọ́dọ̀ nípọn tó pé, bí kùkùté náà bá fara ti igi, ojú bíríìjì yóò dọ́gba pẹ̀lú ojú gìtá, kò ní tẹ̀ síwájú, kò sì ní rì sẹ́yìn. Nísinsìnyí, igi ló ń gba gbogbo agbára tí okùn fi ju sípíríǹgì lọ, bíríìjì kò sì lè mira mọ́. Ẹ fi èèkàn tò okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti orí kẹfà dé orí kìíní. Ẹ ó rí i pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí, okùn tí ẹ tò kò ní sá lọ nígbà tí ẹ bá kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú síkúrúdíráfà, kí ẹ máa fún síkúrúù méjèèjì tó di irin ìkọ́ mú le sí i díẹ̀díẹ̀, ìdajì yíyí sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, kí méjèèjì sì máa lọ bákan náà. Bí sípíríǹgì ti ń lágbára sí i ni kùkùté irin yóò máa dẹ̀ lára igi. Lójú ẹsẹ̀ tí ègé igi náà bá tú fúnra rẹ̀, tí ẹ fi ìka kan yọ ọ́ láìfipá, ẹ dúró níbẹ̀: ìhà méjèèjì ti dọ́gba, okùn sì wà ní ohùn rẹ̀. Bí síkúrúù bá ti wọlé tán tí igi kò sì tíì tú, ẹ fi sípíríǹgì kan kún èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì dẹ síkúrúù padà kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fipá lọ́ síkúrúù tó ti dé ìsàlẹ̀, nítorí pé igi ló dì í mú, igi tí síkúrúù bá sì ti jẹ lẹ́nu kì í mú nǹkan dáadáa mọ́.

Kí ẹ tó ti nọ́ọ̀tì pa, ẹ fa okùn kọ̀ọ̀kan sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti àárín rẹ̀, kí ẹ tún tò ó, kí ẹ tún fà á, títí ohùn rẹ̀ kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Okùn tuntun tí a kò fà bẹ́ẹ̀ yóò máa rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sì sí ìtìpa tó lè dí i lọ́wọ́, nítorí pé inú okùn fúnra rẹ̀ ni ìyípadà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ yí síkúrúù kéékèèké orí bíríìjì sí àárín ìrìn wọn kí ẹ lè ní àyè láti gbé ohùn sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbà lórí okùn kọjá lẹ́yìn nọ́ọ̀tì pẹ̀lú: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ okùn mọ́lẹ̀ kí ó lè sùn pátápátá sójú nọ́ọ̀tì. Bí ohùn bá ń fò sókè nígbàkígbà tí ẹ bá ti nọ́ọ̀tì pa, irin yìí ni kò rẹlẹ̀ tó; ẹ fún síkúrúù rẹ̀ títí fífò náà yóò fi dópin. Nígbà náà ni kí ẹ wá ti irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, kí ó mú gírí, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi gbogbo agbára apá yín sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìmihùn, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń náwó lásán. Bí ohùn bá ṣì ń dàrú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má ṣe wo ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ wo ìhà tí ohùn yà sí. Ẹ tò ó dáadáa, ẹ tẹ ọ̀pá wálẹ̀ títí okùn yóò fi dẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó padà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi áàpù orí fóònù tí a fi ń tò ohùn wo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ tún un tò, ẹ fa ọ̀pá sókè, ẹ jẹ́ kí ó padà, kí ẹ tún wò ó. Bí gbogbo okùn bá lọ sílẹ̀ pa pọ̀ lẹ́yìn títẹ̀, tí gbogbo wọn sì gòkè pa pọ̀ lẹ́yìn fífà, ibi tí etí bíríìjì ti kan òpó irin ni àìsàn náà wà: bíríìjì ń há níbẹ̀, kì í padà dé àárín gan-an. Bí ó bá jẹ́ okùn méjì tó wà nítòsí ara wọn ló kúrò ní ohùn wọn, ìtìpa kan lórí nọ́ọ̀tì ni kò mú dáadáa, nítorí pé irin kọ̀ọ̀kan ló ń di okùn méjì mú. Bí ó bá sì jẹ́ okùn kan ṣoṣo ló ń lọ sílẹ̀ ṣáá, tí kì í gòkè láéláé, okùn náà ń yọ̀ ní ìjókòó rẹ̀ lórí bíríìjì. Ẹ tú u, ẹ gé orí rẹ̀ tó ti tẹ̀, ẹ fi í wọlé tààrà, kí ẹ tún tì í pa.

Etí bíríìjì àti òpó irin yẹn tọ́ sí ìtọ́jú gidi, nítorí pé orí ìlà irin tóóró méjì ni gbogbo ìpadàbọ̀ ohùn dúró lé. Ẹ nu ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ kàn án, èyí tí kò ní ṣàn dé ara igi. Ẹ di òpó kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ mì ín: bí ó bá ń mì nínú igi, kò sí bí ohùn ṣe lè dúró, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe ohun èlò orin ni kí ẹ gbé e lọ kí ó lè dí ihò náà, kí ó sì tún òpó rì. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé òpó sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ kí okùn lè súnmọ́ ojú ọrùn, ẹ kọ́kọ́ dẹ okùn. Àwọn tó ń yí òpó nígbà tí okùn ṣì le ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn lọ etí irin náà kù, etí tó bá sì ti kù tán kò ní àtúnṣe tó rọrùn. Ìsàlẹ̀ bíríìjì lódindi ni a sábà máa ń pààrọ̀. Bí ẹ bá máa ná owó èèkàn tí wọ́n ní kí ẹ rà, ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí ó lọ, bí àyẹ̀wò yìí bá fi hàn pé etí náà ti kù.

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ jùjú ni mo ń bá ṣeré, Òwútù ni mo ń gbé. Gìtá mi ní bíríìjì tó ń léfòó, kò sì sí ohun tó ṣe é tí mo bá ń tẹ okùn lásán. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ìka ti okùn kan sókè kí ohùn rẹ̀ lè gòkè, àwọn okùn yòókù tó ń dún pẹ̀lú rẹ̀ á rọ̀, tí mo bá sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bíríìjì, gbogbo rẹ̀ á gòkè. Olórin wa tún ní kí gbogbo wa sọ ohùn gìtá kalẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀ kan (semitone), nítorí pé ọ̀fun rẹ̀ kò gbé ibi gíga mọ́. Níbo ni mo ti lè rí ẹni tí yóò tún bíríìjì náà ṣe?

*Ọmọ ẹgbẹ́ jùjú, Òwútù*

ÌDÁHÙN

Kò sí ẹni tó lè tún ìyẹn ṣe, nítorí pé kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Okùn tí ẹ tì sókè ń fa bíríìjì síwájú, bíríìjì tó sì tẹ̀ síwájú ń dẹ àwọn yòókù. Àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ gbé lé e ń tì í sẹ́yìn, àwọn okùn sì ń le. Òmìnira tó jẹ́ kí ọ̀pá lè mi ohùn sókè sódò náà ló ń jẹ́ kí ọwọ́ yín mì ín. Bí ẹ bá di ọ̀kan, ẹ ti di èkejì náà.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni bóyá ẹ nílò ọ̀pá náà rárá. Nínú jùjú, gìtá méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń wọnú ara wọn, tí ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ tí èkejì ń dá a lóhùn, tó fi jẹ́ pé okùn kan tó rọ̀ díẹ̀ lórí gìtá kan ti tó láti ba ti gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́. Ohùn gígùn tó ń yọ́ rìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nínú orin King Sunny Adé, lára pedal steel guitar (gìtá tí a tẹ́ sílẹ̀, tí a ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀, tó sì ní ẹsẹ̀ títẹ̀) tí Demola Adepoju ta nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe lára ọ̀pá bíríìjì. Bó bá jẹ́ èmi ni, igi ni n óò fi dí bíríìjì yẹn pa. Ẹ fi ègé igi líle kan sí ìhà kìíní kùkùté irin àti ọ̀kan sí ìhà kejì rẹ̀, nínú ihò ẹ̀yìn gìtá, kí wọ́n há dáadáa láìsí pé a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Bíríìjì náà yóò di adúrósojúkan, àwọn ìṣòro méjì tí ẹ kọ yóò lọ lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ tí ẹ bá sì tún fẹ́ kí ó léfòó, ẹ ó yọ igi náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ sísọ ohùn kalẹ̀ náà yóò yanjú pẹ̀lú rẹ̀. Lórí bíríìjì tó ń léfòó, ìdajì ìgbésẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré: bí ohùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, agbára tí wọ́n fi ń fa bíríìjì dín ní nǹkan bí ìdá 11 nínú 100, ìdí bíríìjì yóò sì rì sínú gìtá, okùn yóò máa ta igi ọrùn, yóò sì máa dún ràùràù. Ẹni tí kò fẹ́ fi igi dí i gbọ́dọ̀ dẹ síkúrúù irin ìkọ́ kí ó tún tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ọ̀nà tí mo ṣàlàyé fún ará Ìgbógbó lókè. Bí olórin yín bá sì jẹ́ ẹni tó lè ní kí ẹ gbé e sókè lọ́la, kí ẹ tún sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́tùn-únla, ẹ ó ṣe iṣẹ́ náà títí yóò fi sú yín. Pẹ̀lú igi, yíyí èèkàn nìkan ló kù, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú sì ni ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ

Mo kí olóòtú. Gìtá tèmi kò ní ìtìpa lórí nọ́ọ̀tì. Síkúrúù mẹ́fà ló di bíríìjì rẹ̀ mú, a sì máa gbéra díẹ̀ kúrò lórí igi. Okùn kẹta ló ń yọ mí lẹ́nu jù, a sì máa dún bíi tíńtín nígbà tí mo bá ń tò ó. Nígbà òjò, gbogbo okùn a tún yí padà láàárín òru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fọwọ́ kàn án.

*Òǹkàwé yín, Báyékù*

ÌDÁHÙN

Ìró tíńtín yẹn ti sọ ibi tí ó ti wá. Okùn ń há nínú kòtò tóóró tó gbà kọjá lórí nọ́ọ̀tì, nígbà tí agbára bá sì pọ̀ jù ló ń fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìdánwò tí mo kọ lókè dán an wò, ẹ ó rí ìyàtọ̀: okùn tó há sí nọ́ọ̀tì a máa gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ ọ̀pá wálẹ̀, a sì máa lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fi ìka tì í sókè, nígbà tí bíríìjì tó há ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹ yọ okùn náà, kí ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù kun inú kòtò rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ẹ̀fun dúdú inú pẹ́ńsù a máa jẹ́ kí okùn yọ́ kọjá. Bí ẹ bá ń lo okùn tó nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kòtò náà ti fún jù fún un, fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń fẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni, nítorí pé bí a bá gbẹ́ ẹ jìn jù, nọ́ọ̀tì tuntun ló kù. Lórí gìtá tiyín yìí, èèkàn ṣì ní iṣẹ́: ẹ yí okùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, kí yíyí náà lọ sísàlẹ̀ láìgùn ara wọn, nítorí pé ìdìpọ̀ okùn púpọ̀ lórí èèkàn a máa fún ara rẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí orin bá ń lọ.

Ní ti òru òjò, ẹ̀yin tí ẹ wà létí ọ̀sà ní Báyékù mọ̀ ju èmi lọ bí ọ̀rinrin ibẹ̀ ti rí. Igi ọrùn gìtá a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, a máa wú, ìtẹ̀kọrọ rẹ̀ a sì yí díẹ̀, gbogbo okùn yóò sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, igi náà yóò gbẹ, òdìkejì rẹ̀ ni yóò sì ṣẹlẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì tàbí ìtìpa tó lè dí èyí lọ́wọ́. Inú àpótí líle rẹ̀ ni kí gìtá máa sùn, kì í ṣe lára ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Àwọn àpò kéékèèké ayọ-ọ̀rinrin tó máa ń wà nínú páálí bàtà wúlò nínú àpótí náà, àmọ́ wọ́n a máa kún, ó sì yẹ kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn àti bíríìjì lẹ́yìn gbogbo eré, nítorí pé òógùn ló ń mú ìpẹtà bá síkúrúù àti ìjókòó okùn, síkúrúù tó bá sì ti pẹtà kò ní ṣeé tò. Bí ẹ bá ń ṣeré ní ìta gbangba, ẹ gbé gìtá jáde kí ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó tò ó. Ooru a máa mú irin okùn gùn sí i, ohùn tí ẹ tò nínú yàrá tútù yóò sì lọ sílẹ̀ bí oòrùn bá ti kàn án.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀dẹ́. Ó ní irú èyí tó ní ọ̀pá ni òun fẹ́, pé kí n rà á fún òun. Owó tí mo ní kò pọ̀. Ṣé kí n rà á?

*Ìyá ọmọ kan, Ìjẹ̀dẹ́*

ÌDÁHÙN

Màmá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì rà á. Ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ etí rẹ̀ láti mọ ìgbà tí okùn wà ní ohùn rẹ̀, gìtá tó ń yí ohùn padà fúnra rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí etí náà mọ ibi tó dúró sí. Bí okùn kan ṣoṣo bá já lórí èyí tó ń léfòó láàárín ìsìn, márùn-ún yòókù yóò gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní lè bá orin lọ mọ́. Lórí èyí tí bíríìjì rẹ̀ dúró sójú kan, yóò fi márùn-ún tó kù parí orin náà. Lára àwọn gìtá tí owó wọn kò pọ̀, irin etí bíríìjì tó ń léfòó kì í sábà le tó, kíá ló sì ń kù.

Ẹ ra èyí tí bíríìjì rẹ̀ dì mọ́ igi gbọn-in, tí okùn rẹ̀ gba inú igi kọjá tàbí tó kọ́ sẹ́yìn bíríìjì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní gìtá bá yín lọ. Kí ó tò ó níwájú ẹni tó ń tà á, kí ó ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì tún fi áàpù wo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí ó wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí bóyá ó ti lọ́, kí ó sì yí èèkàn kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi okùn 9 méjì kún un nígbà tí ẹ bá ń rà á, nítorí pé okùn kìíní ló máa ń kọ́kọ́ já.